Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn Dókítà Johnson: Èkó, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́

Ẹ̀dà kejì lẹ fẹ́ kà yìí. Ohun tó ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́, ẹ óò bá a pàdé lọ́jọ́ kẹta.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 35. Láti ilé ìwé ni mo ti ń gbọ́ Johnson, Johnson, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Yorùbá. Johnson ní bó ṣe rí nìyí, Johnson ní bó ṣe rí nìyẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Johnson méjì ló wà nídìí ìwé ìtàn náà, The History of the Yorubas, àti pé dókítà ni ọ̀kan. Àlùfáà Samuel ló kọ ọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ló tún un kọ. Ọ̀rọ̀ "tún un kọ" yìí ló gbé mi dìde nílé. Dàmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní òun á tẹ̀ lé mi torí òun fẹ́ràn ìrìn-àjò. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló rán an kó máa ṣọ́ mi.

Ọjọ́ Kìíní, Ajé: Èkó

Ọ̀jọ́ta la ti wọkọ̀, ₦1,000 lẹ́nìkan. Kọ́ńdọ́tọ̀ ń pariwo "CMS! CMS wọlé!" Kò sẹ́ni tó ń ronú mọ́ pé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ló ni orúkọ yẹn, àti pé ilé ìtàwé wọn ló gbé ìwé àwọn Johnson jáde ní 1921. A sọ̀ kalẹ̀, a gba abẹ́ bíríìjì kọjá láàárín àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà, a rìn dé iwájú ọsibítù ìjọba tí gbogbo ará Èkó mọ̀ sí Jẹ́nẹ́rà.

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni mo fi dúró síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rò pé aláìsàn ni mí, ó gbé àga rẹ̀ fún mi. "Ẹ jókòó, màámi, ṣé káàdì lẹ fẹ́ gbà ni?" Mo sọ fún un pé dókítà kan tó ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni mò ń wá. Ó wò mí, ó wo Dàmọ́lá, ó ní, "Ẹ ṣáà máa mu omi dáadáa o, oòrùn yìí mú."

Ẹni tí mò ń wá, Hastings ní ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n bí i sí ní 1849. Erugunjinmi ni orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó di Henry Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń tọ́ka ìdílé rẹ̀ sí Aláàfin Abíọ́dún, tí òwò ẹrú gbé lọ títí tó fi bá ara rẹ̀ ní Sàró. Obadiah kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró, ó ré òkun lọ sí King's College ní London, ó tún kọjá sí Edinburgh, ó sì di dókítà. Ìwé tó kọ fún oyè MD ní Edinburgh dá lórí ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó padà wá sí Èkó, igbákejì dókítà ìjọba amúnisìn ni wọ́n fi ṣe. Òun àti Dókítà John Randle jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láyé ìgbà kan, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ tó bá tọ́ sí òyìnbó, bí èèyàn dúdú bá ń ṣe é, owó rẹ̀ a dínkù. Ní 1902 ni ìjọba wá sọ ọ́ di òfin pátápátá: wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì ní ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Johnson ti jókòó sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Láti 1901 títí di 1913 ló wà níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí: ẹ lọ láàárọ̀. Tó bá di aago mẹ́ta, àtipadà láti Ìsàlẹ̀ Èkó a máa gba ọjọ́ ayé ẹni. A jẹ ẹ̀wà aganyin lẹ́bàá ọ̀nà, ₦1,200 pẹ̀lú búrẹ́dì. Ata rẹ̀ dùn débi pé Dàmọ́lá rà kún un.

Ọjọ́ Kejì, Ìṣẹ́gun: Ọkọ̀ ojú irin sí Ìbàdàn, àti Kúdẹtì

Johnson mìíràn ló kí wa káàárọ̀. Orúkọ Mobolaji Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ló wà lára ibùdó ọkọ̀ ojú irin Èbúté-Mẹ́ta. Dàmọ́lá ní ṣé ẹbí ni wọ́n. Mo ní Johnson l'Ékòó, bí Àdìó n'Ìbàdàn ni, kó gbé báàgì wọlé.

Ẹ mú ìborùn dání. Mi ò fi ṣeré. Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ yẹn kò mọ̀ pé àgbàlagbà wà láyé. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oníṣòwò aṣọ, rí i pé mò ń gbọ̀n, ó fa ìró àǹkárá kan yọ nínú ẹrù tó fẹ́ lọ tà, ó dà á bò mí. Nígbà tí a dé, ó ká a padà, ó ní òun á ṣì tà á, "ẹ ò ṣáà ní ẹ̀gbin lára." A rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń kọjá Abẹ́òkúta mo rántí pé ibẹ̀ ni Samuel ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ní ilé ẹ̀kọ́ CMS. Ìrìn náà lé díẹ̀ ní wákàtí méjì, ó sì ṣe tààrà. Tí ẹ bá rántí ohun tí ojú wa máa ń rí ní ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, ẹ óò mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́.

Mọ́níyà ni ọkọ̀ ojú irin pin sí, èyíinì sì jìnnà sáàárín ìlú ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Máíkírà gbé wa dé Mọ́kọ́lá, òmíràn gbé wa dé Mọ́lété, owó gbogbo rẹ̀ fún àwa méjèèjì jẹ́ ₦2,800. Ẹ wá ṣéńjì dání. Onímáíkírà tó gbé wa kẹ́yìn kò ní, àwa náà ò ní, a wá ra gúgúrú tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ jẹ kí owó lè fọ́.

Kúdẹtì lọ́sàn-án ọjọ́ òjò: ẹrẹ̀ pupa, odò kékeré tó ń ru gùdù, òrùlé páànù tó ti dípẹtà wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àfonífojì. Ṣọ́ọ̀ṣì Dáfídì Mímọ́ ni a bá lọ. Ibẹ̀ ni David Hinderer, ará Jámánì tí CMS rán wá, àti ìyàwó rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí ní 1853. Àwọn ni wọ́n mú Erugunjinmi, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wá láti Sàró ní ìparí àwọn ọdún 1850, kó lè máa bá wọn ṣiṣẹ́ Ọlọ́run.

Bàbá tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì ń gbálẹ̀ nígbà tí a dé. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ dìde o jàre, àgbà ni ẹ̀yin náà." Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, inú rẹ̀ dùn. Ó mú wa yí ká, ó fi ilé àwọn Hinderer hàn wá, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílùú. Kò gba kọ́bọ̀. Ó tún fún wa ní àgbàdo sísè mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Nígbà tí mo na owó sí i, ó ní kí n sọ ọ́ sínú àpótí ọrẹ, ojú rẹ̀ sì wà lára mi títí mo fi sọ ọ́ sí i lóòótọ́.

Mo ní kó sọ ti Dókítà Johnson fún mi. Ó ní, "Sámúẹ́lì ni?" Mo ní rárá, àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Àh. Wọ́n ní ó kàwé dáadáa." Ó parí síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi bàbá. Bí ó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń ronú nípa ogun Ìjàyè, èyí tí Ìbàdàn gbé ko ìlú Ìjàyè. Láti 1860 ni ọ̀nà etíkun ti dí. Owó àti oúnjẹ ò wọlé mọ́, àwọn Hinderer ń ta ẹrù ilé wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó rí jẹ. Obadiah ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí ogun yẹn bẹ́. Ìran tí àwọn ọmọ Johnson dàgbà sí nìyí: àwọn alágbára ń jà, ebi ń pa aláìṣẹ̀, ìtàn sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìsí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní alẹ́, a jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran méjì àti ṣàkì, lọ́dọ̀ ìyá kan ní itòsí Mọ́lété. Ẹ rántí owó rẹ̀, a ṣì máa padà síbẹ̀: ₦3,000.

Ọjọ́ Kẹta, Ọjọ́rú: Ọ̀yọ́, àti bí jọ́tà mi ṣe lọ

Mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ₦2,500. Ìyàwó tuntun kan wà níwájú, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn, àwa mẹ́rin fún pọ̀ láàárín. A dúró ní Fìdítì kí dẹ́rẹ́bà lè ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gbogbo wa bá a rà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ á bó o, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá kí ojú tó padé. Omi rẹ̀ ta sí ìwé mi. Mo rántí ìyẹn dáadáa torí òun ni nǹkan ìkẹyìn tí mo rántí nípa ìwé náà.

Jọ́tà aláwọ̀ búlúù ni. Mo ti kọ ọjọ́ méjì sínú rẹ̀ ní kíkún, owó gbogbo, ọ̀rọ̀ gbogbo, pẹ̀lú àwòrán àtẹ̀gùn Kúdẹtì tí mo fi bíírò yà. Nígbà tí a dé gáréèjì Ọ̀yọ́, òjò ń bọ̀, a sáré gbé báàgì, a sáré wọ ọ̀kadà. Ní iwájú ọjà Akẹ̀sán ni mo tọwọ́ bọ báàgì. Kò sí.

Mo jókòó sẹ́bàá obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí. Dàmọ́lá ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ìwé lásán?" Lẹ́yìn náà ló wojú mi, ó sì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré, ó ní kó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Ó ya ojú ewé mẹ́rin tí ọmọ náà ti kọ nǹkan sí kúrò, ó nà mí ní ìyókù. "Ẹ máa kọ ọ́ síbí, ìyá. Tó bá ti wà nínú orí, kò tíì sọnù." Ọmọ náà ò láyọ̀ sí i rárá. Mo fún un ní ₦1,000 kó ra méjì mìíràn, ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Dàmọ́lá padà sí gáréèjì. Akọ̀wé àwọn onímọ́tò ò mọ orúkọ dẹ́rẹ́bà wa, ṣùgbọ́n ó mọ "bàbá tó ń ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Fìdítì lójoojúmọ́", ó sì ṣèlérí pé òun á pè é. Mi ò fọkàn sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò dá, a rìn gba ilẹ̀ tí St Andrew's College ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tó ti di Yunifásítì Ajayi Crowther báyìí. Ní ọdún 1897, ní ilé pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ yìí, ni Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń bi àwọn àgbà àti àwọn arọ́kin, àwọn òpìtàn ààfin, léèrè ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohunkóhun nípa ti ilẹ̀ wọn. Ó ní kì í ṣe pé òun ń wá òkìkí. Ìfẹ́ ilẹ̀ baba òun ló mú òun kọ ọ́, kí ìtàn náà má baà parẹ́, nítorí àwọn àgbà ń kú lọ.

A wọ̀ sí ilé àlejò kan tí yàrá rẹ̀ mọ́, ₦12,000. Iná lọ ní aago mẹ́jọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ṣí ẹ̀dà ìwé Johnson tí mo gbé dání, mo sì ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí dókítà kọ sí i. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀, ní ọ̀sán, lórí àga mi nílé. Kò dà bí èyí tí èèyàn kà ní alẹ́ ọjọ́ tí ìwé tirẹ̀ sọnù.

Ní 1899 ni wọ́n fi ìwé tí Samuel kọ ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, míṣọ́n ló bá wọn fi í lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ní 1900, Obadiah wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá atẹ̀wé. Wọ́n ní àwọn wá a, àwọn ò rí i, àwọn sì ṣetán láti san owó rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní àwọn á sanwó. Dókítà kọ ọ́ láìfi bò pé òun fura, pé ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe hàn lójú lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1901, Samuel kú.

Ohun tó ṣẹ́ kù nílé ni àkọsílẹ̀ jágbajàgba: ìwé tí a kọ́kọ́ kọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà láti ẹnu àgbà, ojú ewé tí a ti pa rẹ́ tí a tún kọ.

Ọjọ́ Kẹrin, Ọjọ́bọ̀: Ibi tí a ò dé

Ìmẹ̀sí-Ilé la ní lọ́kàn, torí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, àti àlàáfíà ọdún 1886 tí Samuel Johnson bá wọn sáré kiri fún. A gba ọ̀nà Ìwó. Táyà fọ́ kí a tó jìnnà, èyí tí wọ́n gbé pààrọ̀ náà ò ní atẹ́gùn. Wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́. Fúlàní kan tó ń da màlúù kọjá bá wa ti mọ́tò kúrò lójú ẹrẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tà wá ní wàrà, ₦200 lẹ́yọ, ó ṣì gbóná. Wàrà tó dùn jù tí mo tíì jẹ nìyẹn, bó bá sì jẹ́ ebi ló fà á, ebi náà kú iṣẹ́. A padà sí Ọ̀yọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dé Ìmẹ̀sí-Ilé, kó sùn sí Òṣogbo mọ́jú. Kó má ṣe bíi tèmi.

Nítorí náà mo ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ìwé ìṣirò ọmọ ẹlẹ́kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọjọ́ kìíní kọ. Mo ṣí fọ́tò inú fóònù, mo wo rìsíìtì, mo bi Dàmọ́lá: "Èló la san ní Mọ́kọ́lá?" Ó ní òun ò rántí. Kí ni ẹ̀ṣọ́ Jẹ́nẹ́rà sọ gan-an? Ó ní "ẹ mu omi." Mo ní ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹ́ẹ̀ jà.

Ní ọsibítù, bí fódà aláìsàn bá sọnù ní rẹ́kọ́ọ̀dù, a kì í lé aláìsàn lọ. A máa ń ṣí fódà tẹ́ńpọ́ráárì fún un. Ẹ óò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i: àìsàn wo lo ti ṣe rí, oògùn wo ni wọ́n fún ọ, ta ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ. Ẹ óò ka ọwọ́ dókítà mìíràn lára pépà tó ti ya. Ẹ óò máa fojú inú wo ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó kọ lẹ́tà mẹ́ta tó dà bí alángbá. Iṣẹ́ tí dókítà mọ̀ ọ́n ṣe nìyí, kò sì sẹ́ni tó ń yìn ín fún un. Mo rò pé bí Obadiah ṣe jókòó ti àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Fódà ti sọnù, aláìsàn ṣì ń mí. Àmọ́ tirẹ̀, ìwé tó lé ní ojú ewé 650 ni, láti ìṣẹ̀dálẹ̀ Ifẹ̀ títí dé ìgbà tí òyìnbó gba ilẹ̀, ẹni tó lè bi léèrè sì ti wà nínú ilẹ̀.

Kò yá a lára láti bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà bà á lẹ́rù, iṣẹ́ dókítà ò sì fún un láyè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìjẹ́wọ́ yẹn. Ẹni tó bá ti dá ọmọ ẹlòmíràn tọ́ rí, ó mọ irú ẹ̀rù yẹn.

Ọjọ́ Karùn-ún, Ẹtì: Ojú títì padà s'Ékòó

Kí a tó kúrò ní Ọ̀yọ́, mo ra igbá fínfín kékeré kan ní Akẹ̀sán, ₦4,500, lẹ́yìn ìdúnàádúrà tó gbà mí ní ìdajì wákàtí. Ọ̀gbẹ́ni tó ń fín in bi mí pé orúkọ ta ni kí òun fín sí i lára, òun ò ní gba owó sí i. Mo ní kó fín "Àjàgbé Ògún". Ó gbójú sókè. "Oríkì bàbá yín ni?" Mo ní oríkì dókítà kan ni. Nígbà tí Obadiah fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kò fi Johnson nìkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi Àjàgbé Ògún tẹ̀ lé e, oríkì àti orílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́ ni nígbà yẹn," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín in. Mi ò rí ẹni tó tètè yé lọ́jọ́ mẹ́fà yìí bíi tirẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé Bẹ́gà ní aago méje alẹ́. A ti kúrò ní Ìbàdàn láti aago kan. Ọkọ̀ agbépo kan ló dábùú ọ̀nà, èèyàn sì ń rà, èèyàn ń tà: gàlà, omi inú ọ̀rá, bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ọmọ ajá. Mo lo àsìkò náà láti tún ọjọ́ kejì kọ lórí itan mi. Ọwọ́ mi wọ́. Àwọn tó bá rí ìwé yẹn á rò pé dókítà ni mí.

Ọ̀nà ni mo fi ń rántí ọkọ̀ Appam. Nígbà tí Obadiah parí iṣẹ́, ó kó ìwé náà sínú ọkọ̀ òkun yẹn, January 1916, ó di London. Ogun àgbáyé ti ń lọ. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní Möwe mú Appam lójú agbami nítòsí Madeira, gómìnà Sàró pàápàá wà nínú ọkọ̀. Wọ́n fi àwọn awakọ̀ Jámánì sí i, wọ́n tù ú kọjá gbogbo Àtìláńtíìkì títí dé èbúté Virginia ní Amẹ́ríkà, ìgbà tí Amẹ́ríkà ò tíì dá sógun. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà, 1917 ni wọ́n tó dá a fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní gbogbo àsìkò tí àwọn lọ́yà ń bá ara wọn jiyàn yìí, ìtàn Odùduwà, Ṣàngó àti Àfọ̀njá ò tíì dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Nǹkan bí ọdún méjì kọjá kí àwọn atẹ̀wé tó rí i. Nígbà tí wọ́n rí i, ogun ti sọ pépà di ọ̀wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwé kan náà, ìdílé kan náà.

Ní 1920, dókítà kú. Ìwé jáde ní 1921. Bọ́ọ̀sì sún díẹ̀ síwájú, ó tún dúró.

Ọjọ́ Kẹfà, Àbámẹ́ta: Oníkan, àti ìpè kan

Mo ti ní n má jáde. Ẹsẹ̀ mi wú. Ṣùgbọ́n ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle sọ wà ní Oníkan, mo sì ronú pé kí n lọ kí ọ̀rẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Randle ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ fún àwọn ará Èkó ní 1928, ọdún tó kú. Wọ́n ti tún gbogbo agbègbè náà ṣe, ó rẹwà, ilé tí koríko hù lórí òrùlé rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sáré kiri. Mo ní ẹni tó kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ ti rí ilé. Ẹni tó tún ìwé kọ dà? Dàmọ́lá ní, "Àǹtí, orúkọ rẹ̀ wà lára igbá yín." Ọmọ yẹn máa ń mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù rẹ̀ dún. Akọ̀wé gáréèjì Ọ̀yọ́. Dẹ́rẹ́bà ti rí jọ́tà aláwọ̀ búlúù lábẹ́ àga, ó ti ń fi í ṣírò owó epo láti Ọjọ́bọ̀, ó ní ká má bínú, ojú ewé mẹ́ta péré ni òun lò. Ó máa fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Bẹ́gà, wébíìlì ₦1,500. Mo ní kó gba ₦3,000. Ó ní rárá o, ₦1,500 ni.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ló dé ọwọ́ mi, ó ń run ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìṣirò, mo ń ka méjèèjì ní ẹsẹẹsẹ. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀ṣọ́ Jẹ́nẹ́rà ò sọ pé kí n mu omi, Dàmọ́lá ló sọ ọ́. Nínú ti àkọ́kọ́, àgbàdo mẹ́rin ni bàbá Kúdẹtì fún wa, kì í ṣe mẹ́ta. Àmàlà Mọ́lété, ₦2,700.

Mo pe Dàmọ́lá, mo bi í èwo ló tọ̀nà. Ó ní ₦3,000, torí òun ló sanwó, òun ò sì tíì gba ṣéńjì.